Ìdí Tí Kọ̀ǹkọ̀ Fi Ń Dákẹ́ Díẹ̀ Kó Tó Tún Ké

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ gbè é kó ró! Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ẹni tó ní ìdákẹ́ kò wúlò títí ọ̀rọ̀ fi kàn án.

Ní ayé àtijọ́, àwọn kọ̀ǹkọ̀ ló ń bá àwọn ẹranko jíṣẹ́. Kọ̀ǹkọ̀ kan ń gbé inú àbàtà kọ̀ọ̀kan létí odò. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ fún ará òdìkejì, o ó sọ ọ́ fún kọ̀ǹkọ̀ ìtòsí ilé rẹ. Yóò ké e sí èkejì, èkejì a ké e sí ẹ̀kẹta, títí yóò fi dé etí ẹni tó ni ín.

Àdán náà ń fi ohùn ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kì í ríran dáadáa mọ́. Yóò ké "Fíì!", ohùn náà a lọ gbá igi, a padà sí i létí, òun náà a sì yà fún igi. Nítorí náà ni òun àti àwọn kọ̀ǹkọ̀ ṣe ṣàdéhùn: bí kọ̀ǹkọ̀ bá ké lẹ́ẹ̀mẹta, wọn a dákẹ́ ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń dá itọ́ mì, kí Àdán lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ni ẹnì kejì lára.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àna Ìjàpá ní òdìkejì odò ń jẹ iṣu tuntun. Láti àárọ̀ ni Ìjàpá kò ti fẹnu kan nǹkan, ó ń fi ikùn de iyán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tọ Baálẹ̀ àwọn kọ̀ǹkọ̀ lọ.

"Baba, ẹ bá mi sọ fún àwọn àna mi pé mò ń bọ̀. Kí wọ́n gúnyán. Kí wọ́n fi ìgbín sọ́bẹ̀. Kí wọ́n fi olú sí i. Ẹja gbígbẹ náà ńkọ́? Kí wọ́n tún..."

"Ìjàpá, ó tó! Bí a bá ń dákẹ́ fún Àdán, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹja rẹ tó dé ọ̀hún."

"Ìdákẹ́ kẹ̀? Ẹ fi gbogbo àyè yẹn sílẹ̀ lásán fún ẹni tó ń ké fíì! Ẹ máa ké lọ láìdúró, Baba. Màá bu iyán bọ̀ fún yín."

Ẹnu Baálẹ̀ ń da itọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e nìyẹn:

Ìjàpá ń bọ̀ o!
Ó ń bọ̀!
Ẹ gúnyán dè é o!
Ó ń bọ̀!
Ẹ fi ìgbín sí i o!
Ó ń bọ̀!

Odò kún, Ìjàpá kò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ó bẹ Àdán pé kó gbé òun sọdá. Àdán ayé ìgbà náà lágbára, ó gbá a mú, ó gbéra.

Lójú òfuurufú, Àdán ké, "Fíì!"

"Ó ń bọ̀!" ló gbọ́.

Ó tún ké. "Ó ń bọ̀!"

"Ìjàpá, mi ò gbọ́ ohùn mi o! Kí ló dé tí wọn ò dákẹ́ lónìí?"

Ìjàpá mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ ti gbà á nímú. "Máa fò lọ, jàre!"

Gbàgà! Àdán kọlu ọ̀pẹ, apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ìjàpá já bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn àna rẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè.

Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àna rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín igbe kọ̀ǹkọ̀. "Wọ́n ní ó ń bọ̀, a ò rí i. Ẹ jẹ́ ká máa jẹun."

"Èmi rèé o!"

"Ó ń bọ̀!" ni àwọn kọ̀ǹkọ̀ fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìjàpá bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin baba mi, ẹ dákẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀!"

Ta ni yóò gbọ́? Àfìgbà tí Àdán wọ́ dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹkọ̀ tó wà nítòsí, tó fi apá rẹ̀ hàn án. Ojú ti kọ̀ǹkọ̀, ó pa ẹnu mọ́, gbogbo wọn sì pa ẹnu mọ́ títí dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Igbe Ìjàpá wá gba gbogbo odò kan: "Ẹ dákẹ́ o!"

Àwọn àna rẹ̀ sáré wá fà á jáde. Wọ́n ti nu ìkòkò ọbẹ̀ mọ́.

"Ọkọ ọmọ wa," ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wí, "a fi ìgbín sí i bí o ṣe wí. Ó dùn púpọ̀."

Àdán tí apá ń dùn gan-an náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a fi ewé di apá rẹ̀, ó sì san.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹkọ̀ kò ti gbàgbé àdéhùn mọ́. Wọn a ké, wọn a ké, wọn a dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lókè ni wọ́n ń fún láàyè.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí ẹ bá rò pé mo parọ́, ẹ lọ bi kọ̀ǹkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Àdán kọjá ná.