Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tí Wọ́n Dá Láre

Ọkùnrin òyìnbó kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò sin olóko tábà kan fún ọdún méje. Ó sìn ín pé. Ọ̀gá rẹ̀ ní ó ṣì ku ọdún kan.

Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ilé ẹjọ́ àgbègbè náà ń jókòó, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sì ni láti oko. Lóṣù kìíní, ọ̀gá ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà padà sóko, kó tún wá lóṣù tó ń bọ̀. Lóṣù kejì, odò kún, àwọn adájọ́ kò pé. Lóṣù kẹta, wọ́n ka ìwé àdéhùn náà sókè.

"O jàre," ni adájọ́ wí. "Ọdún méje ló wà níbí."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ dìde. "Olúwa mi, ọjọ́ mẹ́fà ló fi rìn wá, tó fi rìn lọ. Ta ló bá mi ṣiṣẹ́ oko lọ́jọ́ wọ̀nyẹn?"

"Ṣebí mo ti sìn tán nígbà yẹn, Olúwa mi?" ni ọkùnrin náà bi adájọ́.

Adájọ́ náà ní oko tábà tirẹ̀, ó sì ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé.

"Ta ló sọ fún ọ pé o ti sìn tán? Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Òfin ní ọjọ́ kan tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá pa iṣẹ́ jẹ, ọjọ́ méjì ni yóò fi dí i. Lọ sìn ín fún ọjọ́ méjìlá. Kí o wá gba ìwé òmìnira rẹ nígbà tí a bá tún jókòó."

"Ọjọ́ tí mo máa fi rìn wá gbà á ńkọ́?"

Adájọ́ ti pe ẹjọ́ mìíràn.

Obìnrin adúláwọ̀ kan, ẹrú ọ̀gá náà, ń ká ewé tábà nígbà tí ọkùnrin náà padà dé oko.

"Wọ́n dá ọ lẹ́bi?"

"Rárá o. Wọ́n dá mi láre."

Obìnrin náà ní: "Ti ẹni tí wọ́n gbà kó wọlé rojọ́ nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí èmi dé ẹnu ọ̀nà." Ó sún agbọ̀n kan sí i. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká ewé.

Ìwọ tí aya, ọmọ tàbí òṣìṣẹ́ ń gbé ẹjọ́ wá bá, ìwọ ni mò ń bá wí. Ó rọrùn láti sọ pé "o jàre." Wò ó bóyá ẹni tí o sọ ọ́ fún rí ọ̀nà lọ sílé. Bí o bá dá a láre, tí o tún dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, ìwọ gan-an lo di ọjọ́ méjìlá yẹn rù ú.