Òpìpì Jókòó Sẹ́nu Bodè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fìrì, ó bà gbì! Kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, ó dá lórí adìyẹ kan tí kò níyẹ̀ẹ́ lápá, Òpìpì ìyàwó Àkùkọ.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹ àgbàdo, kó rọra máa jẹ ẹ́, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.

Láyé àtijọ́, agbolé mẹ́sàn-án ló wà nínú ọgbà ńlá kan. Àwọn ẹran ilé ló ń gbé agbolé kan, àwọn ẹran igbó ló ń gbé mẹ́jọ yòókù. Ọgbà kan, kànga kan, ọjà kan, ìgbìmọ̀ kan. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń ṣòfin fún gbogbo wọn, òfin wọn sì pọ̀ bí eèsún. Wọ́n sọ bí ìrù ẹran ṣe gbọdọ̀ gùn tó. Wọ́n sọ iye ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ lè yíràá nínú ẹrẹ̀ lóòjọ́. Wọ́n tún wá ní gbogbo adìyẹ gbọdọ̀ máa sùn sórí igi tó ga tó àkàsọ̀. Òpìpì ò sì lè fò. Á gun àkàsọ̀, á dókè, oorun á gbé e lọ, ó di gbì! nílẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí ìbàdí kì í dùn ún.

Nígbà tó yá, àwọn kan nínú àwọn ẹran ilé ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ kúrò nínú ọgbà, kí àwọn lọ tẹ ìlú tiwọn dó lódìkejì odò. Àwọn kan ní ká má rí i, ta ni yóò gbẹ́ kànga tuntun? Ọba wọn, Òbúkọ onírùngbọ̀n, wá gbé igbá méjì kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ju òkúta sínú igbá pupa. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó ju tirẹ̀ sínú igbá funfun. Wọ́n kà á: òkúta méjìléláàádọ́ta wà nínú pupa, méjìdínláàádọ́ta wà nínú funfun. Ìlú là sí méjì gbáà.

Òpìpì ju tirẹ̀ sí pupa, nítorí ìbàdí rẹ̀. Àkùkọ ọkọ rẹ̀ ju tirẹ̀ sí funfun, nítorí agbolé mẹ́sàn-án ló ń fi kíkọ rẹ̀ jí, ta ni yóò máa gbọ́ ọ lódìkejì odò? Láti ọjọ́ náà, tí Àkùkọ bá ń jẹun, á kẹ̀yìn síyàwó rẹ̀.

Ọba Òbúkọ fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ gbogbo wọn á jáde, kò sóhun tó rọrùn tó o.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Òpìpì ṣẹ̀ṣẹ̀ sàba lé ẹyin méje ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹyin ò fẹ́ ìrìn, ẹyin ò fẹ́ òtútù. Ṣùgbọ́n ọba ti ní kíá ni. Òpìpì bá to ẹyin méjèèje sínú agbọ̀n, ó fi òwú bò ó, ó gbé e karí. Bó ṣe ń lọ ló ń kọrin. Ẹ máa gbè é fún mi:

Ìjòyè tó ní ká dìde,
*Jẹ́jẹ́, ẹyin ń bẹ nínú agbọ̀n.*
Ìjòyè tó ní ká padà,
*Jẹ́jẹ́, ẹyin ń bẹ nínú agbọ̀n.*
Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wí fún mi,
*Jẹ́jẹ́, ẹyin ń bẹ nínú agbọ̀n.*
Bẹ́ ò bá lọ, ẹ wí fún mi,
*Jẹ́jẹ́, ẹyin ń bẹ nínú agbọ̀n.*
Ẹyin kì í gbélé, kó tún gbọ́nà,
*Jẹ́jẹ́, ẹyin ń bẹ nínú agbọ̀n.*

Wọ́n dé ẹnu bodè. Gbogbo ìlú ru ẹrù, wọ́n dúró. Ìgbà yẹn ni àwọn ìjòyè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa bí wọn yóò ṣe jáde. Ọ̀tún, ìyẹn Tòlótòló, ní kí wọ́n fo ọgbà náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dágbére fẹ́nì kan. Òsì, ìyẹn Pẹ́pẹ́yẹ, ní kí wọ́n jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí kálukú fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ọgbà, nítorí omi kànga. Ìyálóde Àgùntàn ní kí wọ́n lọ tún òkúta kà. Oòrùn là, ó mú ganrínganrín. Ẹnu ò kò. Ọba ní kí kálukú padà sílé, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn. Níbi tí wọ́n ti ń tira wọn padà, ẹyin kan yọ̀ bọ́ nínú agbọ̀n Òpìpì, fọ̀ọ̀!

Ó ku mẹ́fà. Òpìpì wo ilẹ̀. Ó lọ sàba lé èyí tó kù.

Kí ọjọ́ ọjà kejì tó pé, ọba lọ bá agbolé mẹ́jọ yòókù, òun pẹ̀lú wọn sì ṣe àdéhùn: àwọn ẹran ilé yóò lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, wọn yóò máa wá pọnmi nínú kànga lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí tí wọn yóò fi gbẹ́ tiwọn. Ọba gbé àdéhùn náà dé ẹnu bodè tayọ̀tayọ̀. Òpìpì náà ti dé, agbọ̀n lórí, orin lẹ́nu.

Jẹ́jẹ́, ẹyin ń bẹ nínú agbọ̀n.

Oníbodè bi àwọn ìjòyè bóyá wọ́n gba àdéhùn ọba. Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé kí wọ́n wá lọ láìsí àdéhùn? Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé kí wọ́n dúró sílé ni? Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé kí wọ́n tún òkúta kà? Wọ́n ní rárá. Oníbodè wò wọ́n títí. Ó ní kí ni wọ́n wá fẹ́ gan-an? Wọ́n ní ohun tí àwọn ò fẹ́ nìkan làwọn mọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, wínní, wínní, wínní. Ọba tún ní kí kálukú padà sílé.

Nígbà tí Òpìpì délé, ó gbé ẹyin kan sétí, ó mì ín. Ó dún kọ̀lọ̀-kọ̀lọ̀. Òtútù ti pa á, ó ti di ọ̀bu. Ó ku márùn-ún.

Ẹ ò mọ bí nǹkan ṣe rí nílùú lásìkò yẹn. Ìkòkò ti wà nínú ẹrù, ẹní ti wà nínú ẹrù, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọmọdé ń sùn. Òjò ọdún dé, ẹnikẹ́ni ò gbin iṣu, torí wọn ò mọ ibi tí wọn yóò ti wú u. Ẹlẹ́dẹ̀ ti ta àbàtà rẹ̀ fún ìmàdò, kò sì tíì ní òmíràn. Ẹni tó ju òkúta sí pupa ń bú ọba, ẹni tó ju sí funfun ń bú ọba. Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu nìyẹn.

Ọba lọ bẹ agbolé mẹ́jọ pé kí wọ́n fún òun lọ́jọ́ sí i. Wọ́n fún un. Ó tún padà lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún fún un. Ọjọ́ ọjà kẹta pé. Gbogbo ìlú tún ru ẹrù, Òpìpì tún gbé agbọ̀n rẹ̀.

Wọ́n dé ẹnu bodè. Tòlótòló la ẹnu: "Bí mo ṣe ń wí nígbà tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu..."

Òpìpì gbọ́ nǹkan kan nínú agbọ̀n. Kọ́, kọ́, kọ́. Ọmọ ti ń sọ ẹyin látinú. Ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ sí àárín ẹnu bodè gan-an, ó fẹ apá kúkúrú rẹ̀, ó jókòó lé e.

Ọba Òbúkọ ní, "Òpìpì, dìde. Ọ̀nà ọba lo dí."

Òpìpì dáhùn pé, "Kábíyèsí, kí ọba pẹ́. Ọ̀nà tẹ́nì kan ò gbà, ṣé ó ṣeé dí? Méje ni mo gbé kúrò nílé, márùn-ún ló kù. Mi ò ní ká lọ, mi ò ní ká má lọ. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí lónìí, ibẹ̀ ni n ó dìde gbà."

Ọba na ọwọ́ láti gbé e kúrò. Òpìpì sọ ọ́ ní irùngbọ̀n, fàù! Ọba fò sẹ́yìn.

Àkùkọ wà lẹ́yìn èrò. Ó ti tó ọjọ́ ọjà mẹ́ta tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó na ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣíji bò ó nítorí oòrùn, ó sì kọjú sí ọba. Ó ní, "Èmi ju òkúta sí funfun, mi ò sì tíì yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbé ìyàwó mi níbí, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé."

Ẹlẹ́dẹ̀ ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, gbì! Ewúrẹ́ ju tirẹ̀, gbì! Ẹni pupa, ẹni funfun, gbì, gbì, gbààà! Wọ́n jókòó yí àwọn ìjòyè ká, kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè gbà sá lọ. Wọ́n tú ìkòkò sílẹ̀, wọ́n dáná, wọ́n gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n ta epo sí i. Òórùn ẹ̀wà gba gbogbo ẹnu bodè. Tòlótòló ní ṣé kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun kí òun lè rí ohùn sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ sọ fún un pé ẹnu kan kì í jiyàn kó tún máa jẹ̀wà, kó parí ọ̀kan ná.

Pẹ́pẹ́yẹ gbé itọ́ mì. Àgùntàn wo ìkòkò, ó wo Tòlótòló. Ohun tí wọn ò lè parí láti ọjọ́ ọjà mẹ́ta, ẹ̀wà náà ò tíì rọ̀ tán tí wọ́n fi parí ẹ̀. Kí ni wọ́n sì gbà? Àdéhùn tí ọba gbé wá lọ́jọ́ ọjà kejì, tí wọ́n kọ̀, náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Tòlótòló ní kí wọ́n yí níbẹ̀: níbi tí wọ́n ti kọ "à ń lọ," kí wọ́n kọ "à ń lọ báyìí." Wọ́n gbà fún un.

Ọba nà tàntàn. Ó ní ó yá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Òpìpì ní, "Ẹ dákun, kábíyèsí, ẹ dúró díẹ̀. Mẹ́ta ló ṣì kù tí kò tíì jáde."

Bẹ́ẹ̀ ni ọba àti ìjòyè ṣe dúró nínú oòrùn, ẹrù lórí, tí wọ́n ń wo ìdí adìyẹ. Wọ́n dúró títí. Ìyálóde bi í bóyá ó kù díẹ̀. Òpìpì ní òun ò lè sọ. Ìgbà tí òròmọdìyẹ karùn-ún yọrí síta, tó ní "ṣíọ̀, ṣíọ̀," ni Òpìpì tó dìde, tí gbogbo wọn kọjá lọ.

Òdìkejì odò ò dà bí ọ̀run, kò sì burú tó bí àwọn kan ṣe wí. Kànga gbà wọ́n lọ́jọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó kan omi. Òpìpì ń sùn nílẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì san. Àkùkọ gbé ohùn sókè kí àwọn ará òdìkejì lè gbọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń na ọrùn títí dòní tó bá ń kọ. Tòlótòló ò tíì dákẹ́: ẹ bá a sọ̀rọ̀ kan, á dá a padà, kòló-kòló-kòló, ojú á sì pọ́n ọn. Bẹ́ ẹ bá sì rí adìyẹ tó sàba, ẹ má nawọ́ sí i. Ẹni tó sọ ọba nírùngbọ̀n, kí ni yóò rò kó tó sọ yín?

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ẹni tó bá ní kí ìlú dìde, kó ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà kó tó sọ ọ́. Ìjòyè ló ń jiyàn, orí aláìlágbára ni ẹrù ń wà.

Ibi tí mo bá a dé rèé, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Bó bá ṣe irọ́ ni mo pa, kí adìyẹ tó sàba sọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbè é jí ire lọ́la.