Àgùntàn Àwẹ̀ró

"Ìyá, ẹ tú okùn yẹn sílẹ̀. Àgùntàn ìyàwó mi ni."

"Èmi ni mo fún ìyàwó rẹ sìn. Ó ti kú. Bí ẹni tó gba ẹran sìn bá kú, ọ̀dọ̀ ta ni ẹran ń padà sí?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín."

"O ṣeun. Máa lọ sílé."

"N kò lọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, báyìí ni ẹjọ́ èmi Ọdẹ́gbàmí pẹ̀lú iwin ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú Igbó Ìdákẹ́. Nígbà ayé Àwẹ̀ró ìyàwó mi, arúgbó kan fún un ní abo àgùntàn sìn lọ́nà odò, pé bí ó bá bímọ, kí wọ́n pín in. Ìyàwó mi kò mọ̀ pé iwin ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àgùntàn náà bímọ. Nígbà tó ṣe, mo jí lọ́jọ́ kan, ọmọ nìkan ni mo bá lórí ìso. Mo tọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wọ igbó tí àwọn igi ti ń béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ èrò, títí mo fi kan ebòra ẹlẹ́sẹ̀ kan tó di inú mú tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọdẹ tó ń dọdẹ àgùntàn! Bàbá, ojú kò ti ìbọn yín?"

Mo kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn ń dùn kì í dúró bá ẹlẹ́yà jà. Iwájú díẹ̀ ni mo ti bá iwin náà lórí ìtí igi, tí ewéko hù lórí rẹ̀ dípò irun, tí ó di okùn mú, tí a sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti gbọ́ yẹn.

"Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ," ni ó wí. "Ìpín rẹ nìyẹn. Kí lo tún ń wá?"

"Ìyá, ọmọ yẹn kò gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró rí. Èyí gbọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àgùntàn yìí a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èmi náà a jókòó tì í, àwa méjèèjì a máa wo ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá mú un lọ, èmi nìkan ni yóò kù tí yóò máa wò ó."

Iwin ní kí n pe àgùntàn náà. Mo pè é, kò mira. Òun náà pè é, kò mira. Ni afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lu ọ̀já Àwẹ̀ró tí mo fi di ìbàdí; àgùntàn náà gbé imú sókè, ó rìn wá, ó ki orí bọ aṣọ náà, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń mí.

"Kì í ṣe ìwọ ló pè é."

"Mo mọ̀, ìyá."

"Kì í sì í ṣe èmi." Ó jọ̀wọ́ okùn. "Ìwọ ni mo fún sìn wàyí. Lọ́jọ́ tí o bá tọ Àwẹ̀ró lọ, n ó wá mú un."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mú un délé, ọmọ rẹ̀ sì sáré wọ abẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi sí yín lọ́wọ́, ẹ kẹ́ ẹ títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Ẹ má sì ṣe fi ẹni tó ń bá ẹran rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ẹran mọ ẹni tí kò sí nílé mọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jáde kúrò nínú igbó lọ́jọ́ náà, ohùn iwin lé mi bá lẹ́yìn:

"Máa rẹ èèpo iṣu rẹ̀ sómi o! Àwẹ̀ró kì í fún un ní gbígbẹ."