Ewé Tí Bàbá Òjélékè Fi Bo Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ

Ní ìlú Ìdí-Ẹmì, lápá Òkè-Ògùn, kò sí ẹni tó lè bá Bàbá Òjélékè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ oòrùn. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Láti ìgbà tó ti ń bá baba rẹ̀ roko títí tí irun orí rẹ̀ fi funfun, oòrùn kò sun ebu inú ebè rẹ̀ rí. Bó bá ti gbin iṣu tán, yóò kó ewé gbígbẹ jọ, yóò fi bo orí ebè, yóò sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Á wá na ẹ̀yìn dúró, á wo òkè, á ní, "Oòrùn, ọwọ́ rẹ ló kù sí." Àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá dé, wọn á dọ́gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kọjá, kí wọ́n lè wo bó ṣe ṣe é.

Ilé bàbá yìí ni Motúnráyọ̀ ń gbé, ìyàwó Oyèkúnlé ọmọ rẹ̀. Òrí ni iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi èso igi ẹmì ṣe. Motúnráyọ̀ kì í ṣe ojo obìnrin. Bó bá ní òun yóò ṣe nǹkan, kí ẹ yáa gbé àga jókòó, kí ẹ máa wò ó. Òun ló kó àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ní àdúgbò náà jọ, tó sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n máa fi ewé di òrí ní ìṣù-ìṣù lọ sọ́jà. Ó ti rí Hàjíà Mùíbátù, ẹni tó ń ṣe ìpara ní Ìbàdàn, Hàjíà sì ti gbà láti máa ra òrí lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Hàjíà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Òrí tí mo máa rà gbọ́dọ̀ le, kó sì jọ̀lọ̀," ó wí. "Bí mo bá fi ìka ra á tí mo gbọ́ wóró-wóró, mọ́tò tó gbé mi wá náà ló máa gbé mi padà."

Ẹni tó bá mọ òrí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Òrí tó bá pẹ́ kó tó dì, bíi gàrí ló ń rí lẹ́nu ìka. Ó nílò yàrá tó tutù, tí wọ́n á ti dà á sínú agolo onígun mẹ́rin tí yóò fi dì kíákíá. Ìdí èyí ni Oyèkúnlé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, fi gbé ẹ̀rọ amúlétutù kan wálé. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbé e sí. Iwájú rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sínú yàrá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ síta sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Bàbá Òjélékè ń so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà ọyẹ́, yàrá náà tutù débi pé àwọn obìnrin ń wé gèlè mọ́ etí kí wọ́n tó wọ ibẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rùn wá mú gan-an ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Òjélékè lọ bu omi fún ewúrẹ́, ó sì rí i tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ń tu afẹ́fẹ́ gbígbóná, tí omi ń kán tó-tó-tó nídìí rẹ̀, tí oòrùn sì ń bá a wí láìdábọ̀. Àánú ṣe bàbá.

"Ẹ wá wo nǹkan!" ó sọ fún àwọn ewúrẹ́. "Ẹ̀rọ ń làágùn! Oòrùn fẹ́ pa ẹ̀rọ mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́."

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kó ewé gbígbẹ, ó kì í mọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni ń bo ebè, ó fi àpò ìdọ̀họ dé e lórí, ó sì fi okùn dì í gírígírí. Lálẹ́, ó pe Motúnráyọ̀.

"Ìyàwó, mo ti bá ọ tọ́jú ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ. Oòrùn kò ní rí i mọ́."

Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ óò pẹ́ fún wa."

Ó rò pé ibòji lásán ni bàbá ṣe. Kò lọ wò ó. Ta ni yóò lọ yẹ iṣẹ́ Bàbá Òjélékè wò lórí ọ̀rọ̀ oòrùn?

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ẹ̀rọ náà kùn, ó gbọ̀n, ó ní "kà!", ó sì dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó tún fi dákẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Òrí tó wà nínú agolo kò dì dáadáa, kò sì yọ́ tán; ó kàn wà níbẹ̀ rọ̀ǹbọ̀-rọ̀ǹbọ̀.

Motúnráyọ̀ kò káwọ́ lérí, kò sì sunkún. Ó ní ohun tó sọnù nínú ilé, inú ilé la ti ń kọ́kọ́ wá a. Ó tan fáànù wò bóyá iná mànàmáná ni kò lágbára. Fáànù yí dáadáa. Ó fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, kò gbóná. Ó yọ asẹ́ tó wà níwájú ẹ̀rọ, ó rí i pé eruku ti di í, ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó dá a padà. Ó fi aṣọ dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kó gbogbo ìkòkò gbígbóná tí àwọn obìnrin ń gbé wọnú yàrá náà síta. Ó ní kò sí ẹ̀rọ tó lè máa bá ààrò jìjàkadì kó má rẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe àǹfààní díẹ̀. Láàárọ̀, yàrá á tutù bí omi àmù. Bó bá ti di ọ̀sán, "kà!"

Ó ránṣẹ́ pe Gàníyù, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Gàníyù gbé ọwọ́ síwájú ẹ̀rọ náà, ó mi orí. Ó fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ Bàbá Òjélékè ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lo ń wá lọ síbẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo tọ́jú ibẹ̀."

Gàníyù dọ̀bálẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Ó sọ fún Motúnráyọ̀ pé gáàsì ló ti lọ, àti pé òun yóò wá a wá láti Ṣakí bí ọ̀sẹ̀ bá yí.

"Gáàsì?" Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Irú gáàsì wo ló ń jáde lọ lọ́sàn-án tó ń padà wálé láàárọ̀? Gàníyù, ẹ máa lọ ná. Bí mo bá rí gáàsì náà lójú títì, màá ní ẹ ń wá a."

Bí ẹ̀rọ náà bá sì ti dákẹ́ báyìí, tí Bàbá Òjélékè gbọ́ pé ó dákẹ́, á ní, "Oòrùn ṣì ń rí i ni o." Á tún mú àpò mìíràn, á dà á lé e. Nígbà tó yá, ó gbé ẹní àtijọ́ kan kún un. Ìfẹ́ ló ń fi ṣe é, tọkàntọkàn. Bí a bá sì wò ó dáadáa, bí bàbá ṣe ń bò ó tó ni ẹ̀rọ ṣe ń dákẹ́ tó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi èkíní wé èkejì.

Ọjọ́rú dé, Hàjíà Mùíbátù sì ti ní Ọjọ́bọ̀ lòun ń bọ̀. Gbogbo òrí tí àwọn obìnrin náà ti ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n fi ọwọ́ pò láti ọjọ́ yìí, ó ti wà nínú yàrá yẹn. Wọn kò tíì tà á fún ẹlòmíràn, nítorí pé Motúnráyọ̀ ló ní kí wọ́n má tà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tún ní "kà!" Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Ojú agolo òrí bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó ń yọ́.

"Ìyá Ìbùkún," ni Ìyá Sàúdátù, tó dàgbà jù nínú wọn, sọ fún Motúnráyọ̀, "ẹ jẹ́ ká wá ewé, ká di í ní ìṣù ká gbé e lọ sọ́jà. Ọjà kì í bi wa bóyá ó jọ̀lọ̀."

Ẹ̀rù ba Motúnráyọ̀ nígbà yẹn. Tirẹ̀ nìkan kọ́ ló wà nínú agolo náà. Bí Hàjíà bá fi ìbínú padà, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́? Síbẹ̀, ó gbé ohùn sókè.

"A ò di ìṣù kankan. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kò kú. Nǹkan kan ló ń há a lọ́rùn lọ́sàn-án, mo sì máa rí i kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bó ṣe yíjú sídìí ààrò níwájú ilé ni ó rí i tí Ìyá Sàúdátù fi ọmọrí dé agbada òrí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kí eruku má baà bọ́ sí i.

"Ẹ ṣí i o, Ìyá Sàúdátù!" Motúnráyọ̀ ké. "Ẹ jẹ́ kó mí! Bí ẹ bá dé e báyìí, ibo ni ẹ fẹ́ kí ooru rẹ̀ gbà jáde?"

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi dúró gbagidi. Ibo ni ooru gbà jáde? Gbogbo ooru tí ẹ̀rọ ń lé nínú yàrá yìí, ibo ló ń bá lọ? Iwájú ni òun ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e.

Wọ́n bá Bàbá Òjélékè níbẹ̀, ó ń fún okùn. A kò rí ẹ̀rọ mọ́; ewé, àpò àti ẹní nìkan la rí, ó ga bí òkìtì. Bàbá yíjú sí wọn, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé ẹ rí i? Oòrùn tó bá lè wọ ibí yìí, mo gbà fún un."

"Bàbá," ni Ìyá Sàúdátù sọ, "ṣé iṣu lẹ gbìn síbẹ̀ ni?" Ẹ̀rín fẹ́ bú, ṣùgbọ́n Motúnráyọ̀ yí ojú sí wọn, wọ́n pa ẹnu mọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbóná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò yẹn."

Bàbá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wàrà ló fà á yọ. "Ha! Iná wà níbẹ̀!"

"Ooru yàrá wa ni, Bàbá. Ẹ̀yìn yìí ni ẹ̀rọ ń gbé e gbà dà nù. Ibi tó ti ń mí nìyẹn."

Bàbá Òjélékè wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo òkìtì náà. Ojú tì í, gbogbo wọn sì rí i pé ojú tì í. "Ìyẹn ni pé èmi tí mo ní mò ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn, èmi gan-an ni mo ń fún un lọ́rùn. Kí ló dé tí o kò fi sọ fún mi látàárọ̀ ọjọ́, ìyàwó?"

"Èmi náà kò wá ẹ̀yìn wò, Bàbá. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ara bàbá wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn, tó kó àpò àti ẹní kúrò, tó fi ọwọ̀ rírọ̀ gbá èérún ewé tó ti wọ inú irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wa iṣu tí kò fẹ́ kó ní ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ó wo oòrùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Abà tí mò ń kó iṣu sí, ǹjẹ́ mo mọ ògiri yí i ká? Òrùlé ni mo ṣe sí i, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo kàn gbàgbé ni!"

Ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó da koríko bò ó lókè fíofío, ó sì fi àyè gbalasa sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ti sinmi, Motúnráyọ̀ tàn án. Àwọn obìnrin tún òrí tó ti rọ̀ yọ́ lórí iná, wọ́n dà á sínú agolo lọ́tun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí "kà!" Wọn kò gbọ́ ọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òrí ti dì, ó le, ojú rẹ̀ sì ń dán bí awo tuntun.

Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn mú ju ti àná lọ. Hàjíà Mùíbátù wọlé, ó ń nu ojú, ó sì dúró láàárín yàrá, ó mí kanlẹ̀. Ó mú òrí kan, ó fi ìka ra á. Ó mú òmíràn. Kò sí wóró kan níbẹ̀.

"Motúnráyọ̀, iṣẹ́ rẹ dára! Mo fẹ́ ìlọ́po méjì irú èyí ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ṣé o lè ṣe é?"

Inú Motúnráyọ̀ dùn dénú. Ó ti la ẹnu láti sọ pé kékeré ni, nígbà tí Bàbá Òjélékè wú ikọ́ lẹ́bàá fèrèsé, lábẹ́ ibòji tuntun rẹ̀.

"Hàjíà, ẹ kú àbọ̀. Yàrá yìí tutù, àbí?"

"Ó tutù gan-an, Bàbá."

"Ẹ̀yìn ló mú un tutù. Ìyàwó, wo ẹ̀yìn kí o tó dáhùn. Bí ẹ̀yìn kò bá mí, iwájú kò lè tutù."

Motúnráyọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó wo ìta láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá Sàúdátù na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ó ń fi etí ìró fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn yòókù ti sùn lọ lórí ìjókòó. Motúnráyọ̀ pa ẹnu dé, ó sì tún un là.

"Ẹ óò rí i gbà, Hàjíà, yóò sì dára bí èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù yìí parí. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi fẹ́ mí ná."

Hàjíà wò ó, ó wo àwọn obìnrin tó wà níta, ó sì gbà.

Láti ìgbà náà, ní Ìdí-Ẹmì, bí ọ̀gá kan bá ń gba ìyìn níwájú tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un kò rójú mí, tàbí bí ẹnì kan bá ń fi ìkẹ́ há ẹni tó fẹ́ràn lọ́rùn, àgbàlagbà kan kò ní ṣàì wú ikọ́ kó sì pa á lówe pé: bí ẹ̀yìn kò bá mí, iwájú kò lè tutù.