Bí Ẹ̀gà Ṣe San Owó Ilé Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà láéláé, nígbà tí igi ṣì ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹyẹ, kò sí ẹyẹ tó dákẹ́ tó ẹ̀gà. Ẹ̀yin tí ẹ̀gà ń jí lójú oorun láràárọ̀ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí igba ẹ̀gà bá péjọ sórí ẹ̀ka kan, ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ kò ní gbọ́ ju ìró ìyẹ́ wọn lọ. Àwọn ìyá wọn ló kọ́ wọn pé ilé tó níyì kì í gbóhùn sókè, àti pé ọ̀rọ̀ owó, ńṣe ni àgbà ń gbé e mì.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Àdìgún, wà lára àwọn ẹ̀gà ìgbà náà. Òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta tí kò tíì hu ìyẹ́ ń gbé lórí igi àgbà kan tí gbogbo ayálégbé ń pè ní Ìyá Ọ̀pẹ. Ogún hóró ọkà bàbà ni owó ilé wọn lóṣù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti san, Ìyá Ọ̀pẹ a já ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, a sì ta kókó sí i: kókó kan fún oṣù kìíní, méjì fún oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé náà ni ẹ̀rí. Ẹni tí ewé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè lé e jáde.

Àdìgún ló máa ń san án. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gún ha á lápá, ó sì wà lórí ìdùbúlẹ̀. Ọkà ilé ń tán lọ. Inú igbá kékeré méjì ni wọ́n ń kó o sí, ọ̀kan ní yàrá, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.

Àánú ọkọ ṣe Àwẹ̀ró. Ó mọ̀ pé ojú á ti Àdìgún gan-an bí wọ́n bá wá béèrè owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àìsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sùn, ó rọra ka ogún hóró nínú igbá yàrá, ó gbé e lọ fún Ìyá Ọ̀pẹ, ó gba ewé, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ara ọkọ òun yá díẹ̀ kí òun tó fi hàn án.

Ní ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró ti oko dé pẹ̀lú kòkòrò méjì péré lẹ́nu. Ó bá ewé tútù kan tó ń mì lẹ́nu ọ̀nà. Ó kà á. Kókó méje. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ti tú ẹrù òun. Ó gbé ibùsùn wọn sókè kó lè dá ewé náà padà.

Ewé tirẹ̀ wà níbẹ̀. Kókó méje.

Àwẹ̀ró wo ewé ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó tún wọn kà, bóyá ojú ló ń tan òun. Méje, méje. Ó jókòó lé àwọn ọmọ lórí láìmọ̀.

"Baálé mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ta ló mú ewé yìí wá?"

Àdìgún gbé orí sókè, inú rẹ̀ ń dùn. "Èmi ni o. Mo rí i pé ọkàn rẹ kò balẹ̀. Mo rọ́jú dìde lánàá, mo kó ogún nínú igbá ẹnu ọ̀nà, mo lọ san án. N kò fẹ́ kí o dààmú."

"Mo ti san án níjẹta."

"Kí lo san?"

"Owó ilé! Oṣù keje! Inú igbá yàrá ni mo ti kó tèmi."

Àdìgún da igbá méjèèjì délẹ̀. Hóró mẹ́rin ló jáde nínú ọ̀kan, méje nínú ìkejì. Mọ́kànlá péré ló kù nílé. Ẹnu ọmọ mẹ́ta là sílẹ̀ níwájú wọn, ọkà inú oko sì ku oṣù kan gbáko kó tó gbó.

"Yéèèè!"

Àwẹ̀ró ló ké bẹ́ẹ̀. Igbe náà ba òun alára lẹ́rù. Gbogbo ẹ̀gà orí ọ̀pẹ yọrí síta, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Wọn kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè ti ọ̀fun ẹ̀gà jáde.

"Àwẹ̀ró, rọra," ni Àdìgún wí. "Àwọn aráalé ń gbọ́. Ìtìjú ni. Jẹ́ kí a fara mọ́ ọn."

"Ṣé ìtìjú ni àwọn ọmọ yìí máa jẹ? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Dìde! Apá tó gbé ọ lọ sanwó á gbé ọ lọ gbà á."

Wọ́n gòkè lọ bá Ìyá Ọ̀pẹ. Àwẹ̀ró kò tíì rojọ́ tán tí ìyá àgbà ti ń gbọnra.

"Lẹ́ẹ̀mejì kẹ̀? Lọ́wọ́ èmi? Ẹ̀gà kan wá níjẹta, ẹ̀gà kan wá lánàá. Gbogbo yín lẹ jọra lójú mi, ẹ kì í sì í sọ̀rọ̀. Ẹ ó kó ọkà sílẹ̀, ẹ ó tẹrí ba, ẹ ó lọ. Ta ni kí n bi léèrè?"

Àwẹ̀ró tẹ́ ewé méjèèjì síwájú rẹ̀. Ìyá Ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Atẹ́gùn ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí imọ̀ kan tó mì lára rẹ̀.

"Háà! Èmi náà ni mo ta àwọn kókó yìí o. Méjèèjì."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ogún kan padà fún wa."

Ìyá Ọ̀pẹ na imọ̀ kan sí ilẹ̀. "Ọmọ mi, kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi náà ń san owó fún Ilẹ̀ tí mo dúró lé. Lánàá náà ni mo da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ kì í gbé nǹkan mì kó tún bì í."

Díẹ̀ ló kù kí Àdìgún já bọ́.

"Ẹ má san ti oṣù kẹjọ," ni Ìyá Ọ̀pẹ wí. "Mo ti gbà á nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ṣùgbọ́n òkú ọmọ ni oṣù kẹjọ máa bá nílé mi. Òní ni ebi ń pa wọ́n."

"Kí ni mo wá ní? Ẹyìn mi kò tíì pọ́n. Ewé nìkan ló wà lára mi."

Àwẹ̀ró wo ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á, kò já. Koríko gbígbẹ ni gbogbo ẹyẹ fi ń kọ́lé nígbà náà, òjò sì ti tú ilé Ológoṣẹ́, ẹyẹ aládùúgbò wọn, ká lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù yẹn. Ọkà wà lọ́wọ́ Ológoṣẹ́, ibi tó máa kó o sí ni kò ní. Àdìgún ní tirẹ̀ mọ iṣẹ́ híhun ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Ẹ fún wa ní ewé náà," ni Àwẹ̀ró wí. "Ewé kan fún hóró kan, títí ogún yóò fi pé."

"Ẹ máa mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ mọ́ o! Ẹ máa kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́, kí a má tún ṣe irú èyí láé."

"Ọ̀kan o!" Àwẹ̀ró ké, ó fa ewé ya. "Àdìgún, ṣé o gbọ́? Ọ̀kan!"

"Mo gbọ́! Èmi náà mú ìkejì o!"

Àdìgún hun ilé fún Ológoṣẹ́, Ológoṣẹ́ sì kó ọkà fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọmọ mẹ́ta jẹun yó.

Ṣùgbọ́n ìdààmú kò tán síbẹ̀. Àwọn ẹ̀gà yòókù ti sáré padà wọlé, wọ́n ń tú abẹ́ ibùsùn. Kò pẹ́ tí "Yéè!" tún sọ níbí, tí "Yéè!" sọ lọ́hùn-ún. Ìdílé mẹ́fà ló rí kókó méje lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn rọ́ wá fa ewé, gbogbo wọn ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà. "Mẹ́rìnlá!" "Irọ́ ni, mẹ́sàn-án!" Bí iye bá ti dàrú, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń fa ewé ọ̀pẹ ya, tí ọ̀pẹ mìíràn fi ń ku egungun imọ̀ nìkan. Láti ọjọ́ náà náà ni ẹnu ẹ̀gà kò ti sinmi. Bí ẹ bá gbọ́ wọn láàárọ̀, ẹ má sọ òkò sí wọn. Ọkọ ló ń pe aya rẹ̀, aya ló ń pe ọkọ rẹ̀ pé, "Mo ti san án o! Ṣé o gbọ́? Má san án mọ́!"