Abẹ́rẹ́ Ẹlẹ́rìí inú Ọkọ̀ Olóyè Àjàgbé

Ní Ìdí-Àràbà, kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ eré ìje Olóyè Àjàgbé. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Disitribútọ̀ ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìyá ṣe ń pín oúnjẹ fọ́mọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóyè fẹ́ràn ọkọ̀ yìí ju bó ti yẹ lọ, n kò sì ní tìtorí pé ó jẹ́ olóyè kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí ló ń bá a wà á. Ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré. Àfi kéèyàn súnmọ́ ọn kó tó gbọ́ ohun tó ń wí. Nínú ọgbà mẹkáníìkì wa, níbi tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ láìpariwo, kó tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ọ̀kánkán ojú awakọ̀, agogo kan wà tó ń fi hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yípo kíákíá tó. Abẹ́rẹ́ méjì ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀kan ń lọ, ó ń bọ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní abẹ́rẹ́ ẹlẹ́rìí: ibi gíga jù lọ tí àkọ́kọ́ bá dé ló máa ń dúró sí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ dá a padà. Bí ọkọ̀ bá ti pápá eré ìje dé, òun ni Olóyè kọ́kọ́ ń wò. Bó bá ti wọ ibi tí wọ́n kùn ní pupa, a jẹ́ pé awakọ̀ ti fi ẹ́ńjìnnì ṣe ohun tí agbára rẹ̀ kò ká, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ fọ́.

Nígbà tí òjò ọdún náà dá, Olóyè ní kí Kàsálì tún gbogbo wáyà ọkọ̀ náà so. Riwáyà ni Kàsálì, iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí wáyà bá ń ṣe jálajàla lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe ẹni tó so ó. Kàsálì kò fẹ́ kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀. Ó kó gbogbo wáyà jọ, ó fi téèpù dúdú wé wọn pọ̀, wọ́n wá dán gbinrin bí irun kíkó. Gbogbo ọgbà wá wò ó. Olóyè ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi dé Kàsálì lórí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìbíyẹmí wa ọkọ̀ náà lọ sí pápá lẹ́yìn èyí, inú pupa ni abẹ́rẹ́ ẹlẹ́rìí wà nígbà tó dé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fọ́ ẹ́ńjìnnì mi ni?" Olóyè bi í.

"Mi ò tẹ iná dé bẹ̀, Ọ̀gá. Abẹ́rẹ́ yẹn kàn ń..."

Àwọn mẹkáníìkì ti bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n pààrọ̀ agogo, kò yí padà. Kàsálì pààrọ̀ kọ́ìlì tí iná púlọ́ọ̀gì ti ń wá, ó pààrọ̀ ọmọrí disitribútọ̀, síbẹ̀ inú pupa náà ni. Bí ọkọ̀ bá sì dúró nínú ọgbà, tí wọ́n tẹ iná fún un, jẹ́jẹ́ ni abẹ́rẹ́ máa ń gòkè, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, agogo ò ṣe nǹkan kan, ó wá ku awakọ̀. Olóyè ní ẹlòmíràn ni yóò wa ọkọ̀ òun níbi eré ìje ọjọ́ Sátidé. Ọkọ̀ eré ìje kan ṣoṣo ló sì wà ní gbogbo agbègbè wa. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò nídìí rẹ̀ pé ó ń fọ́ ẹ́ńjìnnì, ta ni yóò tún fún un ní ọkọ̀, kódà kó fi kó iṣu? Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbíyẹmí wọ egungun. Ó lọ bá Bàbá Ọ̀jẹ̀dìran, olórí ọgbà, ó ní òun fẹ́ rojọ́.

Ẹjọ́ rírò ní àṣà tirẹ̀ lọ́gbà wa. Wọn á pa gbogbo ẹ́ńjìnnì àti jẹnẹrétọ̀, wọn á sọ òòlù kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rojọ́ nìkan ni yóò dúró láàárín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró tì í. Àwọn tó dá ọgbà sílẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń gbé inú ariwo a máa rò pé ohùn tó ga jù ni òótọ́.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìbíyẹmí ní, "Abẹ́rẹ́ yẹn ń fò ni. Bí mo bá ń gun òkè, ohùn ẹ́ńjìnnì kì í yí padà rárá, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ á fò lọ sínú pupa, á tún padà wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń sọ ọ́."

Kàsálì gbójú sókè. "Ó ń fò? O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Mo sọ ọ́. Ẹ ò gbọ́ ni."

Bàbá Ọ̀jẹ̀dìran dá sí i. "Kàsálì, abẹ́rẹ́ ò lójú. Ta ló ń sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ń yípo?"

"Wáyà tín-ín-rín kan ni, Bàbá. Ìdí kọ́ìlì ló ti wá. Gbogbo ìgbà tí iná bá ta fún púlọ́ọ̀gì, á jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún agogo."

"Fi ọ̀nà tó gbà hàn mí."

Kàsálì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fọwọ́ tọ ibi tó fi téèpù wé. Nígbà tó dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé?"

"Àárín wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo wé e sí, Bàbá." Ohùn òun náà ti wálẹ̀. "Iná inú wọn lágbára, ó máa ń ta sí wáyà tó bá sún mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò le. Bó bá ń fi agbára gun òkè, á le sí i. Gbogbo èyí tó bá sì ta sí wáyà kékeré yìí, agogo ń kà á mọ́ ìyípo ẹ́ńjìnnì ni."

Bàbá mi orí. "A pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ torí kí á lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ta ló pa ariwo fún wáyà náà?"

Olóyè ò gbà. Ó ní wọ́n kàn ń gbè sẹ́yìn ọmọ náà ni. Kàsálì ti mú abẹ, ó fẹ́ gé téèpù, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí dá a dúró.

"Ẹ má tíì tú u. Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin fúnra yín ẹ wà á gun òkè ẹ̀yìn ọgbà."

Ó dá abẹ́rẹ́ ẹlẹ́rìí padà sí ìsàlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Olóyè wọlé, ó wa ọkọ̀ lọ. À ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀ títí dé orí òkè, bákan náà ló ń dún, kò ke. Nígbà tó padà dé, ó wo agogo, kò sì tètè sọ̀ kalẹ̀. Inú pupa ni abẹ́rẹ́ ẹlẹ́rìí wà.

"Mi ò tẹ iná dé bẹ̀," Olóyè wí.

Òun náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì dorí kodò.

Kàsálì gé téèpù. Ó yọ wáyà tín-ín-rín náà jáde, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ti púlọ́ọ̀gì. Kò lẹ́wà mọ́, ó sì dun Kàsálì díẹ̀. Ìbíyẹmí wa ọkọ̀ gun òkè kan náà, eré tirẹ̀ tilẹ̀ le ju ti Olóyè lọ. Nígbà tó dé, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́rìí ò dé ibi pupa rárá.

"Ìbíyẹmí, mo ṣi ẹjọ́ rẹ dá," Olóyè wí. "Má bínú. Ìwọ lo máa wà á lọ́jọ́ Sátidé."

Ìbíyẹmí la ẹnu láti dáhùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀, òòlù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà, nítorí ẹjọ́ ti parí. Olóyè na ọwọ́ sókè.

"Ẹ pa á," ó wí. "Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ọgbà wa fi ń pa á lówe pé: ẹni tó fi olóhùn jẹ́jẹ́ sáàárín aláriwo, kó má pè é ní òpùrọ́.