Ẹrù Bẹ́ǹṣì Tí Káfíńtà Ládèjọ Rù

Ohun tó bá wọ́ kò bá Ọ̀gá Fálóhùn lára mu rárá. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Òkè-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyé ijọ́un, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ará oko létí. Bí aago àárọ̀ bá ti dún, tí àwọn ọmọ tò síwájú ilé ìwé, Ọ̀gá á lọ dúró sí ìpẹ̀kun ìlà, á di ojú kan, á máa fi èkejì wò wọ́n bí ẹni tó ń wo igi àjà. "Ìwọ tí ikùn rẹ yọ síta yìí, fà á wọlé! Ìwọ ńkọ́, ta ló ní kí o gbé èjìká kan ga ju èkejì lọ?" Ìlà ọ̀hún kì í gún. Ọmọ kan á họ ara, òmíràn á bojú wẹ̀yìn, àtòtúntò á tún bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó kọrin wọ kíláàsì, oòrùn á ti mú, ohùn Ọ̀gá á sì ti ha.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìlà. Ní èṣí, ọmọ mọ́kànlá ló ṣe ìdánwò àṣejáde kíláàsì kẹfà, méjì péré ló yege. Lẹ́tà wá dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé alábẹ̀wò ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti wá gbọ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ṣe ń kàwé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò gbé kíláàsì kẹfà kúrò ní Òkè-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ìlú kejì, máìlì méje lálọ, méje lábọ̀. Kò sí òbí tí kò mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ọmọ tí kò bá lè rìn ín, oko ló kù tí yóò padà sí.

Ọ̀gá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́, lẹ́yìn náà inú bí i, ó sì dojú gbogbo ìbínú náà kọ kíláàsì kẹfà. Ó yọ tíṣà kíláàsì karùn-ún kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kún Tíṣà Bọ́ládé tó ń kọ́ wọn. Ó kó ẹfun tuntun, ìwé tuntun àti gbogbo bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé lọ fún wọn. Bí àwọn ọmọ yòókù bá ti ń sáré lọ sílé lọ́sàn-án, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà á ṣì jókòó pẹ̀lú ebi, wọ́n á máa ka ojú ewé kan náà títí ètè wọn á fi gbẹ.

Abẹ́ igi odán tó wà lẹ́yìn ilé ni kíláàsì kìíní wà ní tiwọn. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ìwé méjì ni wọ́n ní, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó sí. Mísì Dúródọlá ni tíṣà wọn. Òun ló kéré jù nínú àwọn tíṣà, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́. Bí omi mímu àwọn tíṣà bá tán, Mísì Dúródọlá. Bí wọ́n bá fẹ́ pe òbí kan wá láti oko, Mísì Dúródọlá ni. Ìgbà tó bá ti iṣẹ́ dé tó sì dúró síwájú àwọn ọmọ rẹ̀, aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dún.

Ní ọjọ́ kan, ó lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ mi kò mọ lẹ́tà. Ẹnu ni wọ́n fi ń kàwé, wọn kò fi ojú kà á. Ọmọ kan tó ti mọ̀ ọ́n sórí ló ń ké e, àwọn yòókù ń gbè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń bá a lọ sí kíláàsì kejì, sà."

"Mísì, ẹ má dá kún wàhálà mi," ni Ọ̀gá dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ta ni alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wò? Ṣé kíláàsì kìíní ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọrin wọn."

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí alábẹ̀wò dé, Ọ̀gá wọ kíláàsì kẹfà láti dán wọn wò. Ó rán Mísì Dúródọlá lọ ra adìyẹ tí wọn yóò fi ṣe àlejò, ó wá jókòó, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Bọ́ládé pe Abíọ́nà, ọmọbìnrin tó mọ̀wé jù lọ láàárín wọn. Abíọ́nà gbé ìwé lé ọwọ́, ó ń kà á geere bí ẹni ń mu omi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni ó tú àṣírí. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ṣí ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà pẹrẹpẹrẹ, ó fo ojú ewé mẹ́wàá síwájú. Ẹnu Abíọ́nà kò dá. Ojú rẹ̀ ń wo àwòrán ẹja, ẹnu rẹ̀ ń ka ìtàn ọdẹ.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Ọ̀gá. Ó dìde, ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ sára pátákó pé: *Àlejò kan yóò wọ ìlú wa lọ́la.* Ó ní kí Abíọ́nà kà á. Abíọ́nà wo pátákó, ó wo ilẹ̀. Ọ̀gá ní kí ẹlòmíràn kà á. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó dìde pẹ̀lú ìgboyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" Ọ̀gá ju ẹfun mọ́lẹ̀. "Tíṣà Bọ́ládé, kí lẹ̀ ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ ti pa mí! Lọ́la ni ojú wa máa tì, lọ́la gan-an!"

Tíṣà Bọ́ládé ní, "Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe wá bá mi nìyẹn." Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti já síta.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pàdé ni Ládèjọ káfíńtà. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ òsì Ládèjọ ti kúrú ju ọ̀tún lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ igi kàn tó o ní gbogbo agbègbè náà. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin tí àwọn àlejò máa jókòó lé ló dì mọ́ra wọn, tó rù wọlé lórí. Bó ti ń tiro bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń dagun sí apá òsì.

Ìbínú gbé ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu Ọ̀gá. Ọkùnrin tí ó máa ń pè ní Bàbá Káfíńtà ní gbogbo ìgbà ni ó pariwo mọ́ pé, "Amúkùn-ún! Dúró níbẹ̀! Ẹrù rẹ wọ́!"

Ládèjọ dúró. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sáré bọ́ sójú fèrèsé. Ọ̀gá pe méjì nínú wọn jáde, ó ní kí wọ́n ti ẹrù náà sí apá ọ̀tún. Ó di ojú kan, ó wò ó. "Ó ti gún wàyí. Máa lọ."

Ládèjọ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹrù dagun padà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sáré yí i po, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, òógùn bò ó. Ládèjọ tún gbé ẹsẹ̀, ẹrù tún wọ́.

"Ṣé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ṣé kò sí ohun kan tó máa gún nínú ilé ìwé yìí ni? Mo ní ẹrù rẹ wọ́!"

Ládèjọ kò bínú. Ẹrù wà lórí rẹ̀, kò lè yí ọrùn, ó kàn rọra sọ̀rọ̀ láti abẹ́ rẹ̀ pé:

"Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì wá sí ẹsẹ̀ tó kúrú náà, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà náà ni etí rẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ń gbọ́ láràárọ̀ láìfiyè sí i. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ odán, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ń gbe ìwé kan lóhùn rara. Ó rìn lọ síbẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ló dúró síwájú wọn, ó gbé ìwé dorí kodò, ó ń fi igi tọ́ka sí i, ó ń ké, wọ́n ń gbè é. Kò sí tíṣà níbẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ ló rán tíṣà wọn lọ ra adìyẹ.

Ojú ti Ọ̀gá Fálóhùn. Ó padà lọ bá Ládèjọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níṣojú àwọn ọmọ. "Bàbá Káfíńtà, ẹ forí jì mí. Abẹ́ odán ni kí ẹ sọ àwọn bẹ́ǹṣì náà kalẹ̀ sí. Àwọn àlejò á dúró."

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ kejì. Kí ó tó béèrè ohunkóhun, Ọ̀gá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké, ó ní, "Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́ sà, èmi ni mo sì bà á jẹ́." Òtítọ́ náà kò gba kíláàsì kẹfà sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ. Abíọ́nà rin máìlì méje náà fún oṣù kan, kò sì lọ mọ́.

Ọ̀gá kó kíláàsì kìíní sínú ọ́fíìsì tirẹ̀, òun àti Mísì Dúródọlá jọ ń kọ́ wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí kó ìbínú wá. Bàbá Abíọ́nà ló ṣáájú wọn. "Kíláàsì kẹfà ló bọ́ lọ́wọ́ wa, Ọ̀gá, ẹ wá jókòó ti àwọn ọmọ tí ikun ń yọ nímú wọn! Ṣé bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí?" Ọ̀gá kò bá a jà, ọ̀rọ̀ tí Ládèjọ sọ fún un ló sọ fún bàbá náà. Ọkùnrin yìí yíjú sí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ọdún márùn-ún gbáko ló gbà kí kíláàsì kẹfà tó padà sí Òkè-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ abẹ́ odán wọ̀nyẹn ni wọ́n sì fi ṣí i.

Ìdí abájọ nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá ń bá èso jà tí kò wo gbòǹgbò, àwọn àgbà á pa á lówe fún un pé: "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́", ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."